Ìṣísẹ̀ Méje Láti Ẹ̀yìn

Eré yìí ti ń rí mi lára.

Àwa mẹ́ta la jókòó ti tábìlì, kálukú pẹ̀lú èèyàn onígi kékeré tó fi ń jagun, dáìsì wà láàárín.

Àbúrò ọkọ mi ló ń darí. Ó ya ṣọ́ọ̀bù kan sórí páálí, ó gbé olè onígi sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

“Olè yọ sí ìyàwó wa,” ó ní. “Ẹni tí wọ́n bá yọ sí lójijì ò lè jà padà ní ìyípo àkọ́kọ́. Òfin ni.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, itọ́ rẹ̀ ń ta sórí èèyàn onígi mi.

Ọkọ mi ò gbà. “Ẹni tó máa sáré kọ lu èèyàn, ọ̀nà ẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi lo yà yìí, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá wà láàárín ẹ̀.”

“Ìyàwó wa ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìṣísẹ̀ méje gbọọrọ ni.” Àbúrò rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo fọwọ́ kan ibi tí dókítà rán lẹ́yìn orí mi.

Àárọ̀ ọjọ́ tí olè fi irin lù mí ní ṣọ́ọ̀bù ni mo dá ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣọ́ọ̀bù sì wà ní títì láti ọjọ́ náà.

Mo gbé dáìsì.

“Ìyípo àkọ́kọ́ ti parí,” ni mo wí. “Ó ti kàn mí.”