Ìró Òfì Tó Dákẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń kánjú, ẹ sún mọ́ ibí kí n sọ ti Fadérera fún yín. Ní ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn sé gbogbo ayé mọ́lé, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní yunifásítì. Orí rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ kò kún ṣíbí.

Ó ku ọgọ́rùn-ún wákàtí ìkọ́ṣẹ́ ní ọsíbítù kó tó gboyè, ó sì ti rán kóòtù funfun sílẹ̀. Àrùn dé, ọsíbítù ní àwọn ò gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Ọláníhún, kò jẹ́ kí ọdún wọn ṣòfò. Ó pín àwọn àgbàlagbà tí kò lè jáde nílé fún wọn, ó ní kí wọ́n máa fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, òun yóò kà á sí wákàtí ọsíbítù. Fadérera yínmú. Ṣé torí kóun máa kí arúgbó lórí fóònù lòun ṣe wọ yunifásítì ni?

Ọ̀kan nínú àwọn tirẹ̀ ni Bàbá Àkàngbé, ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Bó bá ti pè é, ìró òfì a máa dún lẹ́yìn ohùn bàbá, kó-kó-kà. Bàbá a fẹ́ kí i, a fẹ́ béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, Fadérera a já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ pé ṣé kò sí ìṣòro. Bàbá a ní, "A dúpẹ́." Òun a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara bàbá le, a sì pe ẹlòmíì. Ó gbàgbé pé Yorùbá tí ilé ń jó lé lórí pàápàá, bí a bá kí i, "a dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ wí.

Ní Ọjọ́rú kan, bàbá tún dúpẹ́. Fadérera ti gbé bírò kó tó fura pé òfì kò dún. Ó rántí pé kò dún lọ́jọ́ Ajé náà. Ó fi bírò sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ẹni pé bàbá ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ìyá, aya bàbá, ó sì dúró kí bàbá fèsì.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "wọ́n ti gbé ìyá rẹ lọ síbi tí wọ́n ń ya aláàrùn sọ́tọ̀ sí. Ọjọ́ kẹfà rèé. N ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi."

Ojú ti Fadérera, ó sunkún, ṣùgbọ́n kò jókòó ti ẹkún. Ó pe olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ pe nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé fóònù sí ìyá létí. Ara ìyá ti ń yá! Ohun tó kọ́kọ́ bi ọkọ rẹ̀ ni pé, "Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹun?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, Fadérera pè. Kí bàbá tó lanu, kó-kó-kà ló gbọ́. Ó fò sókè, ó kígbe ayọ̀ tí ìyá tó bí i fi sáré jáde nílé ìdáná tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́. Nígbà tí ọsíbítù wá ṣílẹ̀kùn, Fadérera ló bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kóun parí wákàtí òun lọ́dọ̀ àwọn arúgbó òun.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ tí a bá fi lé yín lọ́wọ́, ẹ má sì kánjú nídìí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀dá. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.