Bátìrì Tó Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Òtútù Kánádà kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bó ṣe ń mú èèyàn gan náà ló ń pa bátìrì kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ilé Fálànà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ki bátìrì kejì sábíyá kó lè móoru, kó tó jáde lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí yìnyín dí gbogbo ọ̀nà, ó yọ èyí tó ti kú lára kámẹ́rà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé abíyá ẹnìkan ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Fálànà sáré padà, àmọ́ wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ìṣọ̀lá, èmi ni. Ṣílẹ̀kùn."

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Bàbá Ìṣọ̀lá ti wọlé. Òun rèé, ó ki bátìrì sábíyá."