Ọjọ́ Mẹ́rìnlélógún Tó Ń Rìn Sẹ́yìn

Ìyá Kíláàsì jí ìdáhùn wò nínú ìdánwò. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Òun ló dàgbà jù nínú àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ iyàrá ìtànṣán ní ilé ìwòsàn. Ìbéèrè náà kò gùn: oògùn onítànṣán kan tí wọ́n fi ń wo àrùn ọ̀fun ń dín sí ìdajì ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, ọjọ́ mélòó ni yóò fi ku ìdá kan nínú mẹ́jọ? Ẹ fi lọ́gárítímù ṣe é. Gbogbo kíláàsì fò ó, àfi òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Télọ̀, tó jókòó tì í. Ìdáhùn àwọn méjèèjì bára mu: mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú.

Tísà gbé ìwé méjèèjì sókè. "Ọjọ́ tó ń rìn sẹ́yìn! Ṣé oògùn tiyín ti ń dín kù kí wọ́n tó pò ó ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Òmùgọ̀ kan lè dá ṣìnà. Kí méjì ṣìnà sójú kan náà, ẹnìkan ti jíwèé wò nìyẹn. Mo sọ fún yín: pátákó mi ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ara yín."

Ó fẹ̀yìn ti pátákó náà. Àpẹẹrẹ irú ìṣirò yìí tó kọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà digbí; ó ti fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ "Ẹ má nù ún" sábẹ́ rẹ̀.

"Èmi ò wo ìwé ẹnikẹ́ni o," ni Télọ̀ wí.

"Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá gbójú sókè wo pátákó.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ́la, lójú ọ̀gá àgbà, ẹ ó tọrọ àforíjì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé iṣẹ́ yìí."

Nílé, ọkọ rẹ̀ mirí. "Ọjọ́ orí ẹ yìí lo wá ń jíwèé wò?"

Ìyá ń fi ìka ṣírò. "Mẹ́jọ, ó ku ìdajì. Mẹ́jọ míì, ìdá kan nínú mẹ́rin. Mẹ́jọ míì..." Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín.

"Wàá tọrọ àforíjì àbí o ò ní tọrọ ẹ̀?"

"Màá tọrọ ẹ̀, Bàbá wọn. Mo jẹ̀bi."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà jókòó síwájú. Tísà dúró níbi tó máa ń dúró sí. "Ẹ sọ ọ́ sókè, Ìyá, kí tẹ̀yìn gbọ́."

Ìyá kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí: mo jí i wò lóòótọ́, lára pátákó tó wà lẹ́yìn Tísà yìí ni, ibẹ̀ náà ni Télọ̀ ti kọ́ ọ, níbi tí Tísà ti gbàgbé àmì ìyọkúrò kan, tó fi wá yọjú níwájú ìdáhùn wa."