Alága Lọ Kí Aláìsàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá jókòó tì mí, ẹ sún mọ́ra. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé, kó sì ti ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú débi pé n kò fẹ́ kí atẹ́gùn gbé díẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

Káfíńtà kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga àti tábìlì. Alága ni gbogbo ayé ń pè é, torí kò sí ìpàdé tó lè dé tí kò ní bọ́ sórí àga iwájú, ì báà jẹ́ ìpàdé tí wọn kò pè é sí. Lóṣooṣù ni Alága ń yọ díẹ̀ nínú owó àbúrò rẹ̀, ó ní inṣọ́ránsì ìlera ni òun ń fi san fún un. Ó máa ń sọ fún un pé ọjọ́ tí àìsàn bá dé ni yóò mọ rírì òun.

Àìsàn dé. Inú ló kọ́kọ́ ń run Káfíńtà, kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti ń yí gbirigbiri. Wọ́n là á níkùn, wọ́n yọ ohun tó ń jẹrà níbẹ̀, wọ́n fi òwú rán ojú ọgbẹ́ náà pa, ara rẹ̀ sì kọ́fẹ. Dókítà ní kó máa lọ sílé. Ibi tí wọ́n ti ń sanwó ni ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ pé orúkọ ọkọ òun kò sí lọ́dọ̀ oní-inṣọ́ránsì kankan, kò sì fìgbà kan wà níbẹ̀ rí. Owó tí wọ́n dá lé wọn lórí, bí wọ́n bá ta yàrá tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ta onílé mọ́ ọn, kò lè pé.

Òfin ilé ìwòsàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì sanwó kò gbọdọ̀ lọ, ẹni tí kò bá sì tíì lọ yóò máa san owó bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi dá a dúró. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni gbèsè ń sanra, tí Káfíńtà ń rù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn kì í ṣí géètì mọ́, kí onígbèsè má baà gba àárín àlejò jáde nínú òkùnkùn. Àlejò tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sùn. Ní ìdájí, nọ́ọ̀sì yóò yọjú wò ó bóyá èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ń ṣọ́ géètì yóò ka àlejò bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí iye wọn bá ti pé, ó parí.

Ìyàwó Káfíńtà ránṣẹ́ pe Alága títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá ké sí Àǹtí Jẹ́jẹ́, àbúrò bàbá Káfíńtà àti Alága, obìnrin tí kì í sáré, tí kì í sì í pariwo. Àǹtí lọ bá Alága nílé, ó sọ fún un wẹ́rẹ́ pé gbogbo ẹbí ń béèrè bóyá ó ti lọ kí aláìsàn. Ìyẹn ló gbé e dìde, Àǹtí sì bá a lọ.

Ó wọ kóòtù dúdú kan tó gùn dé orúnkún, fìlà bò ó dé etí, ikùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ yàrá. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Bó ṣe jókòó báyìí, ó ṣí abọ́ oúnjẹ tí ìyàwó gbé wá fún ọkọ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń fi ẹnu tó kún ṣàlàyé pé àwọn èèyàn òde òní kì í tọ́jú ara. Ìyàwó rọra béèrè ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì. Alága nu ẹnu.

"Ìyàwó wa, ṣé èmi ni mo ní kó ṣàìsàn ni? Inú iṣẹ́ ni mo tọ́jú owó yẹn sí. Iṣẹ́ yẹn náà ni kò jẹ́ kí ebi pa yín."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," Káfíńtà wí, "ẹ bá wa san án, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ mi."

"Owó iṣẹ́ wo? Bílẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí n kò rí ọ níbi iṣẹ́, ẹlòmíì ti wà tí mo máa gbà."

Ìyàwó gbé abọ́ òfìfo kúrò níwájú rẹ̀. Alága rò pé ọ̀wọ̀ òun ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí òun ṣe di ẹni tí òun dà. Ó sọ ọ́ títí wọ́n fi ti géètì. Nígbà tó gbọ́ pé kò sí ọ̀nà àbájáde, ó bá ilé ìwòsàn wí, ó bá ìyàwó wí, ó bá ikùn àbúrò rẹ̀ wí. Ó wá wo àga onígi tó wà níbẹ̀, ó ní irú ẹ̀yìn tòun kọ́ ni wọ́n ń fi ti irú àga bẹ́ẹ̀.

"Dìde níbẹ̀ jàre, jẹ́ n nà díẹ̀. Ṣebí ara rẹ ti yá."

Káfíńtà dìde. Alága bọ́ bàtà, ó bọ́ kóòtù, ó ṣí fìlà, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí àga, ó fa aṣọ ìbora bojú nítorí iná. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Àǹtí Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo kóòtù tó wà lórí àga, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí i, agara ló dá a.

Ní ìdájí, nọ́ọ̀sì yọjú, ó rí aṣọ ìbora tó ń lọ sókè sódò, inú rẹ̀ dùn pé aláìsàn sùn dáadáa lónìí. Àwọn àlejò jáde. Ìyàwó gbé abọ́ òfìfo ṣíwájú, Àǹtí Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e, kóòtù dúdú ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, fìlà dé etí, ikùn níwájú. Wọ́n pé mẹ́ta. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kí ọ̀gá pé wọ́n kú ìdúróti àbúrò. Fìlà náà mi díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," Àǹtí wí. "Kò sùn rárá. Ọ̀rọ̀ owó yìí ló ń dùn ún."

"Irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n," ọkùnrin náà wí, ó sì ṣí géètì gbayawu.

Nígbà tí wọ́n yà sẹ́yìn ọgbà, kóòtù dúdú náà dúró, Káfíńtà tó wà nínú rẹ̀ fa ìrọ̀rí ilé ìwòsàn yọ lábẹ́ bọ́tìnì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mú kí ẹ̀rín má baà já òwú ibẹ̀, torí wọ́n ń gbọ́ ohùn Alága lójú fèrèsé, tó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun kọ́ ni aláìsàn, nọ́ọ̀sì sì ń fi sùúrù dá a lóhùn pé bí gbogbo onígbèsè ṣe máa ń sọ nìyẹn.