Táyà Iwájú Ọ̀tún

Ajili ń mu tíì àárọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí píkọ́ọ̀pù funfun kan yà wọ ẹnu gáréèjì ìtúnkọ̀ṣe rẹ̀, tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Gáréèjì yẹn ló kẹ́yìn lójú ọ̀nà ìlú Ubari kí iyanrìn ńlá aṣálẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Ajili fúnra rẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù láìní ẹ́ńjìnì, láti Iléyá tó kọjá ni òun náà kò sì ti dé ilé ìyá rẹ̀.

Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ gbé ìbọn lọ́wọ́. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ìkòkò tíì dànù, ó sì fi ìdí ìbọn gbá Ajili lẹ́nu. Ìkíni tirẹ̀ nìyẹn. Ó ní Miftah lorúkọ òun. Òun pa ẹnì kan nídìí kànga lánàá, àwọn ẹbí òkú sì ń lé òun bọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ̀, kò fẹ́ la iyanrìn kọjá sí ẹnubodè. Bí ọkọ̀ náà bá dára kí oòrùn tó kan àtàrí, Ajili á yè. Bí kò bá dára, á jóná mọ́ gáréèjì rẹ̀.

“Má wulẹ̀ dọ́gbọ́n kankan sí i,” ó wí. “Ìwọ náà á jókòó tì mí tá a bá ń dán an wò. Bó bá dojú dé, àwa méjèèjì ni.”

Ajili tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì béèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Miftah ní bí òun bá ti ki í sí gíà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà, sítiárì á le, ọkọ̀ á máa wọ́ sí òsì, bí òun bá sì fẹ́ yà, á máa fò. Bí òun bá yọ gíà náà, ara á tù ú díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ méjì ò lè la iyanrìn.

Ajili kó sábẹ́ ọkọ̀. Ó mi àwọn irin tó ń darí ẹsẹ̀ iwájú, kò sí èyí tó yẹ̀. Ó wo ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ síwájú, ó pé. Ló bá mú okùn, ó ń fi wọn táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ṣe déédéé. Ti iwájú ọ̀tún tóbi jù wọ́n lọ, ibì kan sì ti ya lára rẹ̀ tí wọ́n fi okùn pupa rán. Ajili gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi rírán náà fún ìgbà díẹ̀.

“Eléyìí kì í ṣe táyà ọkọ̀ yìí,” ó wí. “Kò bá àwọn yòókù dọ́gba, ẹsẹ̀ iwájú wá ń bá tẹ̀yìn jà.”

Miftah rẹ́rìn-ín. Ó ní tòun ló bẹ́, òun sì rí ẹnì kan tòun ti ọkọ̀ rẹ̀ nídìí kànga.

“Mo ní kó tú tiẹ̀ fún mi, ó ń ṣagídí. Mo yìnbọn sí i lẹ́sẹ̀ kó lè gbọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń tú u, omi ló ń bẹ̀ mí fún, kànga sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.”

“Ṣé o fún un?”

“Kí ni òkú fẹ́ fi omi ṣe?”

Ajili padà sídìí iṣẹ́. Ó tú táyà náà, ó tú òkìtì táyà tó wà lẹ́yìn gáréèjì títí ó fi rí èyí tó bá mẹ́ta yòókù dọ́gba, ó dè é le. Ó ṣe é bí ẹni ń ṣe tara rẹ̀. Ó da epo kún táǹkì, ó bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbé táyà rírán náà sẹ́yìn ọkọ̀. Miftah béèrè ohun tó fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ajili ní ó lè wúlò lọ́nà.

Ọkàn Miftah wálẹ̀. Ó yọ búrẹ́dì àti dàbínù, ó bù ú sí méjì, ó na ìdajì sí Ajili.

“Gbà, jẹ ẹ́. Ẹni tó bá bá mi jẹ búrẹ́dì ò lè ṣe mí níbi mọ́. Bí àwọn bàbá wa ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn.”

“Mo ń gbààwẹ̀.”

“Òótọ́ ni, Àlàmísì lòní. Àṣé àlùfáà ni ẹ́.” Ó jẹ ìdajì méjèèjì.

Wọ́n wa ọkọ̀ náà jáde. Lórí ilẹ̀ olókùúta, Miftah yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, sítiárì ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó gbá Ajili léjìká, ó ní òun ti dárí jì í, òun ò ní pa á mọ́. Níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀, bí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ iyanrìn ti ń ṣe. Miftah gbé ìbọn sórí àga ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ ti táyà iwájú, ó fi ìṣó tẹ ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà náà. Afẹ́fẹ́ ń súfèé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Ajili lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi aláààwẹ̀ náà rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀, ló bá rántí ìkòkò tíì tí òun fi ẹsẹ̀ gbá láàárọ̀.

Sípánà fọ́ agbárí rẹ̀ kó tó yíjú, nígbà tí ilẹ̀ sì fi máa ṣú, Ajili ti fi píkọ́ọ̀pù náà, tó ń lọ geere, délé, ó sì gbé táyà tí òun fúnra rẹ̀ fi okùn pupa rán fún àbúrò rẹ̀ nígbà Iléyá kalẹ̀ níwájú ìyá wọn.