Bí Fàsílátù Ṣe Mọ Ìbọn Yìn

Ọ̀dà ni Fàsílátù ń tà ní Sẹ̀kọ̀nà. Ọ̀dà yìí náà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ayìnbọn tó ń pàdé ní pápá kan lẹ́yìn ìlú Ẹdẹ. Wọ́n wá ra ọ̀dà dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá wọn gbé e débẹ̀, ó rí i bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń dojú ìbọn afẹ́fẹ́ kọ bébà, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i.

Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Òun ló ń lẹ bébà mọ́ pákó, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bébà tirẹ̀, òbìrìkìtì dúdú láàárín. Òun ló ń fọn fèrè pé kí wọ́n yìn, òun ló ń fọn ọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí ìbọn bá dákẹ́, òun náà ni yóò lọ tú bébà, tí yóò sì ka ihò ojú rẹ̀ síta, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Daniel, alága ẹgbẹ́, máa ń sọ pé bí Fàsílátù ò bá wá, kí kálukú gbé ìbọn rẹ̀ padà sílé.

Àmọ́ Fàsílátù náà fẹ́ yìn. Wọ́n yá a níbọn. Ó yìn ín títí, bébà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Inú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn pákó ni gbogbo ọta rẹ̀ ń wọ̀ sí, bí ẹni ń gbin àgbàdo. Nígbà tó sú u, ó bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, ó nà án sí Daniel.

"Alága, ó tó gẹ́ẹ́. N kò lè máa fọn fèrè fún ayìnbọn nígbà tí èmi ò lè yìn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun!" Daniel fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ta ló máa bá wa ṣe é?"

Bàbá Sàídì ló dá sí i. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, kò sì sí ẹni tó mọ ìbọn yìn tó o nínú ẹgbẹ́.

"Fàsílátù, ṣe sùúrù. Láti òní lọ, ẹ̀gbẹ́ mi ni kí o máa dúró sí. Bí mo bá ti ń yìn, kí ìwọ náà máa yìn. Wàá mọ̀ ọ́n."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ihò kọ́kọ́ yọ lójú bébà rẹ̀, létí lọ́hùn-ún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ihò náà pọ̀ sí i, wọ́n sì ń sún mọ́ àárín. Fàsílátù wá ń rìn bí ìyàwó ọ̀gágun. Ẹni tó bá wá ra ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ìbọn: "Èémí ni gbogbo ẹ̀. Ẹ mí sínú, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ wá yìn ín." Ìgbà kan ṣoṣo tó tún tàsé pátápátá ni ọjọ́ tí Bàbá Sàídì lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní ìlú Ara. Ó ní atẹ́gùn ló pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan ló ń bà á nínú jẹ́. Bí òun ṣe ń mọ̀ ọ́n ni Bàbá ń gbàgbé. Bébà Bàbá tó máa ń fàya láàárín tẹ́lẹ̀, agbára káká ni wọ́n fi ń rí ihò kan lójú rẹ̀ báyìí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ṣàyẹ̀wò ojú yín."

"Ojú kẹ̀? Àgbà ló dé." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wá nawọ́ sí ọ̀nà. "Bùkọ́lá oníbàárà rẹ ló ń bọ̀ yẹn. Ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ mà ń dà sílẹ̀ o!"

Fàsílátù wò títí, eruku nìkan ló rí. Nígbà tí Bùkọ́lá fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀dà ti ba ìró rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn ayìnbọn Ìwó wá bá wọn. Wọ́n so àgbò ńlá kan mọ́ ìdí igi kaṣú fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Fàsílátù ń lẹ bébà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn Daniel.

"Tí Bàbá bá tún tàsé lónìí, níwájú àlejò, a ó gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n lọ máa jókòó sábẹ́ ibòji."

Fàsílátù wo àgbò. Ó wo Bàbá, tó ń fi aṣọ nu ìbọn rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ. Ó lẹ bébà tó kù, ó sì pinnu.

Daniel ló gba fèrè fọn. Fàsílátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó mí sínú, ó dá a dúró, ó wá yí ẹnu ìbọn rẹ̀ díẹ̀ sí bébà Bàbá. Gbogbo ọta márùn-ún tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló rán síbẹ̀. Kò tilẹ̀ wo tirẹ̀.

"Ó káre, ọmọ mi," Bàbá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Omi lé sójú Fàsílátù. Bó ṣe ń lọ tú bébà, ó ń ronú ohun tí yóò sọ nígbà tí àwọn ará Ìwó bá ń fi òun rẹ́rìn-ín.

Ojú bébà Bàbá Sàídì kò ní ihò kankan, àmọ́ lójú bébà Fàsílátù, ihò márùn-ún ṣù pọ̀ sáàárín òbìrìkìtì dúdú, àtàǹpàkò kan ṣoṣo sì lè bo gbogbo wọn.