Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tètè Jí

Inú yàrá ọmọ mi tó ṣaláìsí ni Ṣíjúadé, ọmọ rẹ̀, ti to kọ̀ǹpútà tuntun. Tó bá tàn án, á pẹ́ títí kó tó jí.

Nírọ̀lẹ́ àná, ó ní, "Ìyá àgbà, mo ti yẹ gbogbo inú ẹ̀ wò. Mi ò mọ ohun tó ń dúró dè."

"Bàbá ẹ gan-an nìyí! Kì í dìde láàárọ̀ àfi tí mo bá pe oríkì ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ pè é, ká wò ó."

Látìgbà tá a ti sin ín, ẹnu mi ò gbà á. Mo gbọ́wọ́ lé àpótí kọ̀ǹpútà náà. "Àkànní, ọmọ mi, dìde."

Kọ̀ǹpútà jí lójijì. Ṣíjúadé pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè wẹ̀yìn, torí bẹ́ẹ̀dì tẹ́nikẹ́ni ò sùn lé mọ́ ti dún lẹ́yìn wa, ẹsẹ̀ méjì sì kan ilẹ̀.